Kí Ló Ń Kùn Nínú Béèsì?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń kọ́ni ní kíláàsì àgbà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. A ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sára pátákó. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe fẹ́ kà á ni ariwo kan dé láti inú ṣọ́ọ̀ṣì: hùùùùn! Ariwo náà kò dáwọ́ dúró. Ó dà bí ìgbà tí oyin bá ń kùn nínú ihò igi. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú ní, "Tíṣà, ọkọ̀ òfúrufú ni àbí kí ni?" A ní, "Rárá o, Màmá. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ló ń múra orin ìkórè. Gìtá béèsì wọn ló ń kùn."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, a yà lọ wò wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta béèsì náà wà nínú kíláàsì wa. Ó ti náwó púpọ̀. Ó ti ra píkọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n sì ti bá a fi í sí i, síbẹ̀ béèsì ń kùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gé ẹsẹ̀ òkè kúrò lára púlọ́ọ̀gì áńpù rẹ̀. Ó ní bí ó bá ti gé e, ariwo yóò dákẹ́. Nígbà tí a fi máa dé ibẹ̀, ọmọ náà ti mú ayùn irin lọ́wọ́.

A ní, "Dúró ná, ọmọ mi."

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ń tì mí."

Òótọ́ ni, ariwo a máa ti oní-béèsì lójú. Ṣùgbọ́n ariwo kì í pa ènìyàn. Ẹsẹ̀ tí ó fẹ́ gé yẹn, bí kò bá sí, ó lè pa ènìyàn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ nìyí: ibi tí ariwo béèsì ti ń wá, bí a ṣe ń wá a rí, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe láti pa á lẹ́nu mọ́.

BÉÈSÌ ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Gìtá béèsì ni gìtá tí okùn rẹ̀ nípọn, tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Okùn mẹ́rin ni ó sábà máa ń ní. Òmíràn ní márùn-ún. Ẹ ti gbọ́ ọ nínú orin jùjú, nínú háílàìfù àti nínú orin ìjọ. Bí àwọn gìtá yòókù bá ń sáré lókè, béèsì ni ó ń rìn nísàlẹ̀ tí ó gbé gbogbo wọn ró. Bí béèsì bá dákẹ́, orin á gbẹ.

Leo Fender, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe béèsì oníná tí ó kọ́kọ́ tà káàkiri. Ọdún 1951 ni ó gbé e jáde. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Precision Bass. Títí di òní, ọ̀pọ̀ béèsì tí a ń rí lọ́jà ni ó jọ ti Fender.

Béèsì oníná kò lè dún sókè fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ta á láì so ó mọ́ nǹkan kan, ẹni tó jókòó tì yín nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ dé etí ìjọ. Èkínní ni píkọ́ọ̀pù, tí ó wà lábẹ́ okùn. Èkejì ni wáyà tí ó ti ara béèsì lọ sí ara áńpù. Ẹ̀kẹta ni áńpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá.

BÍ PÍKỌ́Ọ̀PÙ ṢE Ń GBỌ́RÀN

Píkọ́ọ̀pù kì í gbọ́ ohùn bí etí wa ṣe ń gbọ́ ọ. Òòfà ni ó wà nínú rẹ̀, irin tí ń fa irin. Wọ́n wá fi wáyà bàbà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ wé e yí ká, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn béèsì náà. Bí okùn bá ń gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí i bọ̀ sí i nínú wáyà bàbà yẹn. Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ọgbọ́n yìí han aráyé ní ọdún 1831.

Iná inú píkọ́ọ̀pù yìí kéré gan-an. Kò lè tan gílóòbù. Áńpù ni ó ń gbà á, tí ó sì ń sọ ọ́ di ńlá. Áńpù dà bí akéde ọjà. Akéde kì í yan ọ̀rọ̀. Ohun tí a bá sọ sí i létí ni yóò kígbe rẹ̀ fún gbogbo ọjà. Bí a bá fi orin rán an, yóò kígbe orin. Bí ariwo bá bá orin wọlé, yóò kígbe àwọn méjèèjì.

IBI TÍ ARIWO TI Ń WÁ

Iná mànàmáná tí a ń lò nílé kì í lọ tààrà bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ó ń lọ ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni. Ibi gbogbo tí wáyà iná bá gbà kọjá, agbára rẹ̀ ń gbọ̀n yí i ká, bí a kò tilẹ̀ rí i. Ó wà lára ògiri, ó wà lẹ́bàá fáànù, ó pọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ tí ń yí agbára iná padà.

Píkọ́ọ̀pù kò mọ̀ pé èyí kì í ṣe orin. Ohun tí ó bá ti ń gbọ̀n nítòsí rẹ̀ ni yóò gbà, yóò sì gbé e fún áńpù. Èyí ni ó ń di hùùùn tí à ń gbọ́.

Ẹ lè béèrè pé, "Kí ló dé tí a kò kàn gé ohùn yẹn kúrò?" Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí a bá ta okùn béèsì tó nípọn jù lọ láì tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn tó tẹ̀ lé e ń gbọ̀n ní ìgbà 55. Ìgbà 50 ti iná wà láàárín àwọn méjèèjì. Ariwo iná àti ohùn béèsì ń gbé yàrá kan náà. Bí a bá lé ọ̀kan jáde tipátipá, èkejì yóò bá a lọ. Nítorí náà, ohun tó dára jù ni pé kí a má jẹ́ kí ariwo wọlé rárá.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í WÁ A

Ẹ kọ́kọ́ bi oní-béèsì ní ìbéèrè kan: "Ǹjẹ́ iná ti gbọ̀n ọ́ rí nígbà tí o di okùn mú? Ǹjẹ́ máíkì ti ta ọ́ lẹ́nu rí?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ti wù kí ó kéré mọ, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ pa iná láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe rìwáyà. Ariwo kọ́ ni ẹ ní lọ́wọ́ mọ́, ewu ni.

A bi ọmọ inú kíláàsì wa ní ìbéèrè yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máíkì a máa ta mí lẹ́nu díẹ̀, sà. Ó ti mọ́ mi lára." Ẹ̀rù bà wá. Ohun tó mọ́ ọ lára kọ́ ni ohun tó dára fún ọ.

BÍ A ṢE Ń WÁ A NÍ Ẹ̀SẸ̀-Ẹ̀SẸ̀

Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ra píkọ́ọ̀pù tuntun kí wọ́n tó mọ ibi tí àìsàn wà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí rìwáyà bá ti sọ pé kò sí ewu, ẹ wá ariwo ní ẹ̀sẹ̀-ẹ̀sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan.

1. Ẹ yí fọ́líùmù ara béèsì sílẹ̀ pátápátá. Bí ariwo bá dákẹ́, inú béèsì ni ó ti ń wọlé. Bí kò bá dákẹ́, ó wà lára wáyà, tàbí áńpù, tàbí iná ilé.

2. Ẹ yí áńpù sílẹ̀, ẹ yọ wáyà béèsì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ tún yí áńpù sókè díẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kùn láìsí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀, áńpù tàbí iná ilé ni ẹlẹ́bi. Béèsì kò mọ̀ ọ́n.

3. Ẹ yá wáyà mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ó dára. Bí ariwo bá lọ, ẹ ti rí i. Wáyà ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú gbogbo ohun èlò béèsì, nítorí pé a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì ń fà á.

4. Ẹ dúró sí ojú kan, kí ẹ wá máa yí ara yín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú béèsì lọ́rùn, bí ẹni tí ń wá ibi tí rédíò ti ń gbọ́ dáadáa. Bí ariwo bá ń lọ sókè tí ó ń wá sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí, afẹ́fẹ́ ni ó gbé e wá bá píkọ́ọ̀pù. Ẹ wo ohun tí ó wà níwájú yín.

5. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára okùn, kí ẹ tún fi ọwọ́ kàn án. Ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ariwo yí padà. A ó ṣàlàyé èyí láìpẹ́.

ARIWO KÒ DỌ́GBA

Ẹni tó bá mọ ohùn ariwo yóò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wò wọ́n.

Hùùùn. Èyí nípọn, ó sì wà nísàlẹ̀. Iná ilé ni ó ń wọ inú píkọ́ọ̀pù. Ẹ sún kúrò lẹ́bàá áńpù, ẹ sún kúrò lẹ́bàá fáànù àti àwọn ẹ̀rọ ńlá. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré lè mú un dín kù.

Sààà, bí ẹni ń dín ẹran. Iná funfun ọlọ́pàá gígùn, ṣájà fóònù tí kò dára, ínfátà àti bọ́tìnì tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni ó sábà ń fà á. Ẹ pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gbọ́.

Dí-dí-dí, dí-dí-dí. Fóònù ni. Ó fẹ́ gba ìpè tàbí ó ń wá ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kí oní-béèsì má fi fóònù sí àpò bí ó bá ń ta béèsì, kí ó má sì gbé e lé orí áńpù.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan wáyà. Wáyà ti fẹ́ já nínú, tàbí ihò tí a ń kì í bọ̀ lára béèsì ti dẹ̀. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ihò náà pinpin, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa yí, nítorí wáyà inú yóò já.

Kàrà-kàrà, nígbà tí a bá ń yí fọ́líùmù. Eruku ni. Ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì ní ìgbà 20 tàbí 30. Bí kò bá dákẹ́, oògùn ìfọbọ́tìnì wà lọ́jà àwọn oní-rédíò; kí wọ́n fín in sínú rẹ̀ díẹ̀.

Fíííì, ariwo tó ń gún etí. Áńpù ń ké, ohùn rẹ̀ ń mi béèsì, béèsì náà tún ń dá ohùn ọ̀hún padà fún un. Ẹ yí áńpù sílẹ̀ díẹ̀, ẹ má sì dojú béèsì kọ ọ́. Bí ó bá ń ké síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wáyà bàbà inú píkọ́ọ̀pù ti dẹ̀ tí ó sì ń gbọ̀n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa rì í sínú ìda gbígbóná kí ó lè dì.

Ohùn tó gbó, tó ń fọ́ bí ìkòkò tó sán. Àwọn béèsì kan ní bátìrì fóólìtì 9 nínú. Bí bátìrì bá ń kú, ohùn á máa fọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pé bí a bá fi wáyà sílẹ̀ lẹ́nu béèsì mọ́jú, bátìrì ń jẹ lọ. Ẹ máa yọ ọ́ bí ẹ bá ti ta á tán.

PÍKỌ́Ọ̀PÙ MÉJÌ TÍ Ń PA ARIWO

Àwọn tó ń ṣe gìtá ti rí ọgbọ́n kan dá sí hùùùn. Ní ọdún 1955, Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, fi wáyà wíwé méjì sínú píkọ́ọ̀pù kan fún gìtá. Ọ̀kan dojú kọ ìhín, èkejì dojú kọ ọ̀hún. Òòfà wọn náà kọjú síra. Ariwo tó bá ti ìta wọlé yóò ta ko ara rẹ̀, bí ìgbà tí ọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn kan náà: okùn kò ní lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ohùn okùn béèsì kò ta ko ara rẹ̀. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1957, Fender náà pín píkọ́ọ̀pù Precision Bass sí méjì, ó sì fi irú ọgbọ́n yìí sí i.

Irú béèsì tí wọ́n ń pè ní Jazz Bass, tí ó jáde ní ọdún 1960, ní píkọ́ọ̀pù méjì tí wọ́n jìnnà síra, fọ́líùmù kọ̀ọ̀kan sì wà fún wọn. Bí fọ́líùmù méjèèjì bá wà lókè pátápátá, hùùùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Bí ẹ bá yí ọ̀kan sílẹ̀, hùùùn á padà dé. Ọ̀pọ̀ ń rò pé béèsì àwọn ti bàjẹ́ nítorí èyí. Kò bàjẹ́ o. Ẹ gbé méjèèjì sókè, owó kankan kò ní jáde lápò yín.

ÌDÍ TÍ ARIWO FI Ń DÁKẸ́ BÍ A BÁ FỌWỌ́ KAN OKÙN

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdánwò karùn-ún. Nínú ọ̀pọ̀ béèsì, bí ẹ bá fi ọwọ́ kan okùn, ariwo á dín kù. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò, á padà. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́.

Ara ènìyàn a máa gba ariwo iná láti inú afẹ́fẹ́, bí aṣọ tí a sá ṣe ń gba eruku. Oní-béèsì tó dúró lẹ́yìn béèsì rẹ̀ ń da ariwo yẹn sí píkọ́ọ̀pù lára. Ṣùgbọ́n wáyà kékeré kan wà lábẹ́ irin tí a so ìdí okùn mọ́. Wáyà yìí so okùn pọ̀ mọ́ ihò ẹnu béèsì. Láti ibẹ̀, ó bá wáyà gígùn lọ sí ara irin áńpù. Láti ara áńpù, ó gba ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gì lọ sínú ilẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan okùn, ariwo ara yín ti rí ọ̀nà gbà lọ sílẹ̀. Á dákẹ́.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan okùn tí ariwo kò yí padà, ṣùgbọ́n tí ó dín kù nígbà tí ẹ fi ọwọ́ kan irin ẹnu wáyà lára béèsì, wáyà kékeré abẹ́ ìdí okùn ti já. Fífi òjé jó o padà kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí ariwo bá sì pọ̀ jù nígbà tí ọwọ́ kò sí lára okùn, wọ́n lè fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú ihò tí píkọ́ọ̀pù jókòó sí, kí wọ́n sì so bàbà náà mọ́ wáyà ilẹ̀.

ẸSẸ̀ KẸTA PÚLỌ́Ọ̀GÌ

Nísinsìnyí, ẹ ti mọ ọ̀nà náà: ọwọ́, okùn, wáyà, áńpù, ilẹ̀. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ lórí tábìlì. Ọ̀nà yìí kan náà ni iná lè gbà padà wá bá ọwọ́.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni púlọ́ọ̀gì wa ní. Àwọn méjì ìsàlẹ̀ ni iná ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Ti òkè, tí ó gùn jù, kì í gbé iná lójoojúmọ́. Ó so ara irin áńpù mọ́ ilẹ̀. Rìwáyà ń pè é ní ẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ọ̀dẹ̀ṣọ́: bí olè kò bá wá, a lè rò pé kò níṣẹ́.

Bí wáyà iná kan bá já nínú áńpù tí ó sì kan ara irin rẹ̀, iná fóólìtì 230 ti dé orí irin náà. Bí ẹsẹ̀ òkè bá wà, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ní wáyà ilẹ̀, iná yóò rọ́ wọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì yóò sì já. Áńpù kú, ènìyàn yè. Bí ẹsẹ̀ òkè kò bá sí, fíúsì kò ní já. Iná yóò dúró lára irin, yóò gba wáyà dé okùn, yóò sì máa dúró de ẹni. Oní-béèsì á di okùn mú, kò ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ó bá wá fi ẹnu kan máíkì, tí máíkì ní ilẹ̀ tirẹ̀, iná yóò gba àyà rẹ̀ kọjá.

Ẹ má sọ pé fíúsì yóò gbà á. Iná tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpíà kan lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Fíúsì áńpíà 13 kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Ní ọdún 1972, Les Harvey, ọmọ Scotland, tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú lórí ìtàgé ní Swansea, ní ilẹ̀ Wales. Máíkì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò dára ni ó fi ọwọ́ kàn. Ní ọdún 1976, Keith Relf, tó ti jẹ́ olórin ẹgbẹ́ Yardbirds, kú nínú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nídìí gìtá oníná. Akọṣẹ́mọṣẹ́ ni àwọn méjèèjì.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN KAN FI Ń GÉ E

A kò ní purọ́ fún yín. Nígbà mìíràn, bí a bá gé ẹsẹ̀ òkè, ariwo a dákẹ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà wà.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Áńpù béèsì ń mu iná láti ara ògiri kan. Ẹ̀rọ tí gbogbo máíkì ń wọ̀ ń mu iná láti ara ògiri kejì. Wáyà kan sì so áńpù mọ́ ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà ilẹ̀ ti di méjì, iná kékeré sì ń yí po láàárín wọn. Ó ń kùn. Bí a bá gé ilẹ̀ kan, ìyípo náà já, ariwo á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀ṣọ́ ni a pa.

Ọ̀nà tó dára wà. Ẹ jẹ́ kí áńpù àti ẹ̀rọ máíkì máa mu iná láti ibì kan náà. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo àpótí kékeré tí àwọn oní-máíkì ń pè ní DI. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì kan tí ó ń já ilẹ̀ ti wáyà orin nìkan, tí kò sì fọwọ́ kan ilẹ̀ ti iná. Ariwo á lọ, ọ̀dẹ̀ṣọ́ á sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ lè pààrọ̀ wáyà, ẹ lè pààrọ̀ bátìrì, ẹ lè nu ihò, ẹ lè yí ibi ìdúró padà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ̀yìn béèsì, ẹ yọ wáyà kúrò lára rẹ̀ ná.

Ẹ má ṣí áńpù. Bí a tilẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, iná lè ṣì wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀, pàápàá nínú áńpù oní-fáàfù ti àtijọ́. Ẹ má lo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì fún áńpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má ta béèsì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tútù.

Ẹ ní kí rìwáyà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn yín bóyá wáyà ilẹ̀ wà lẹ́yìn ihò òkè. Bí jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ń lò, kí ó wo ìyẹn náà. Ẹ̀rọ kan sì wà tí a lè fi sẹ́nu iná, tí ń pa á kíákíá bí iná bá ń jò gba ibi tí kò yẹ. Irú èyí tó ń dáàbò bo ènìyàn ni ó máa ń pa iná nígbà tí iná tó ń jò bá tó ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún áńpíà kan. Owó rẹ̀ kò tó owó òkú.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ ṢE PARÍ

Ọmọ inú kíláàsì wa gbé ayùn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a pe rìwáyà. Ó kọ́kọ́ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ẹ wo ohun tí a rí: kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò òkè! Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ọ̀dẹ̀ṣọ́ kò sí nílé. Nítorí náà ni máíkì ṣe ń ta á lẹ́nu. Bí ó bá gé ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì, ariwo kì bá tí dín kù rárá. Ibòmíràn tí ilẹ̀ ti dára ni ì bá ti rí àbájáde rẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ dá owó. Rìwáyà kan irin mọ́lẹ̀, ó sì fa wáyà ilẹ̀ dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ibi tí akọrin ń dúró. Lẹ́yìn náà ni a wá ariwo ní ẹ̀sẹ̀-ẹ̀sẹ̀. A fọwọ́ kan okùn: kò dín. A fọwọ́ kan irin ẹnu wáyà: ó dín. Rìwáyà tú ìdí okùn. Wáyà kékeré kan ti já níbẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó fi òjé jó o. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ ìkórè, béèsì kọrin, kò kùn. Ọmọ náà fi ẹnu kan máíkì, kò fà sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ orin nìkan. Àwa tí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dúpẹ́ nítorí orin, a sì dúpẹ́ nítorí ẹ̀mí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá mọ oní-béèsì kan, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń lo áńpù àti máíkì, ẹ ka ìwé yìí sí i létí. Bí ó bá mọ̀wé, ẹ fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Kí ni ó wà nínú píkọ́ọ̀pù?
2. Ìgbà mélòó ni iná ilé wa ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan?
3. Bí ẹ bá yí fọ́líùmù béèsì sílẹ̀ tí ariwo dákẹ́, ibo ni ariwo ti ń wọlé?
4. Kí ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ohun èlò béèsì?
5. Kí ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gì?
6. Bí máíkì bá ta ènìyàn lẹ́nu, kí ni ó yẹ kí ó ṣe?
7. Ẹ lọ wo púlọ́ọ̀gì tó wà nílé yín. Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé?